Tí wọ́n bá yẹ èèyàn wò nígbà ọgọ́rùn-ún tí wọn ò rí nǹkan kan, ṣé ọwọ́ ẹ̀ mọ́ nìyẹn?

Àdìgún_Oníkẹ̀kẹ́
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Àná la jọ ń wo fídíò àtijọ́ Tour de France, eré kẹ̀kẹ́ ńlá ti ilẹ̀ Faransé, lórí fóònù, ibi tí Lance Armstrong ti ń gun òkè bí ẹni tí wọ́n ń tì lẹ́yìn, mo kàn ní "olè", ni ẹ̀gbọ́n mi bá fò dìde pé kí n má bú ọkùnrin yẹn, pé àìmọye ìgbà ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí nǹkan kan rí, pé ìlara ló pa á. Mo ní ṣebí òun fúnra ẹ̀ ló jẹ́wọ́ fún Oprah ní January 2013, ó ní wọ́n fúngun mọ́ ọn ni. Ẹ ò rí wàhálà! Ṣùgbọ́n kí n sòótọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Láti 1999 dé 2005, ìgbà méje ló gba Tour, tó sì ń lo oògùn agbára, tí ìgò ìtọ̀ tí wọ́n fi ń yẹ wọ́n wò ò mú un. Kí wá ni iṣẹ́ ìgò ìtọ̀? Kí ló sì fẹ́ jẹ́ kí n gba àwọn tó ń borí lónìí gbọ́? Ẹ là mí lóye, ẹ má kàn bú mi o.

Ìyá_Láàbù
Àdìgún, mi ò ní bú ẹ, ìbéèrè gidi lo béèrè. Mi ò ṣiṣẹ́ fún àwọn eléré o, àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó ti ẹ̀rọ tó ń ka ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń lò ni EPO. EPO tí wọ́n ń pariwo yìí, ara gbogbo wa ló ń ṣe é. Kídìnrín ló ń ṣe é, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa sọ fún mùdùnmúdùn inú eegun pé kó ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa sí i, sẹ́ẹ̀lì pupa yẹn ló sì ń ru ọ́síjìn lọ fún iṣan ẹsẹ̀. Bó bá ṣe pọ̀ tó ni ẹsẹ̀ ṣe máa pẹ́ kó tó rẹ̀. Ìgbà tó ku díẹ̀ kí àwọn ọdún 1980 parí ni wọ́n rí i ṣe ní láàbù fún àwọn tí kídìnrín wọn ti bàjẹ́, kò sì pẹ́ tó fi dọ́wọ́ àwọn eléré. Láti ìgbà yẹn títí di ọdún 2000 kò sí àyẹ̀wò kankan tó lè rí i. Kò sí rárá! Gbogbo ohun tí UCI tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé rí ṣe ní 1997 ni pé wọ́n fa ìlà: ẹni tí sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀ bá ti kọjá ìdá 50 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, kó lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní nítorí ìlera wọn ni. Lójú tèmi, bí ìgbà tí wọ́n sọ fún wọn ni pé ẹ máa lò ó, ẹ má ṣáà ti kọjá 50.

Ni àwọn dókítà tíìmù bá ra ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ẹ̀jẹ̀ yí, wọ́n á wọ̀n ọ́n láàárọ̀, tó bá ti ga jù wọ́n á fa omi oníyọ̀ sí eléré lára kí ẹ̀jẹ̀ lè fẹ́lẹ́. USADA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn agbára ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní October 2012 pé ní World Championships 1998, dókítà tíìmù fi àpò omi oníyọ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ òjò, ó gba ẹ̀gbẹ́ òṣìṣẹ́ tó wá ṣàyẹ̀wò kọjá, ó wọlé lọ fà á sí Armstrong lára. Òṣìṣẹ́ yẹn wà níbẹ̀ o, kò rí nǹkan kan.

Nígbà tí àyẹ̀wò EPO wá dé ní 2000, wọ́n yí ọgbọ́n dà. Wọ́n á gún díẹ̀ báyìí sójú iṣan lálẹ́, tó bá fi máa mọ́ ó ti lọ nínú ìtọ̀. Tàbí kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ara wọn pamọ́ sínú àpò nígbà tí kò sí eré, kí wọ́n dá a padà sára nígbà tí Tour bá wọra. Ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ ni, kí ni láàbù fẹ́ rí níbẹ̀?

Ògbólógbòó_Pẹ́dà
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, mo ti ń wo eré yìí kí àwọn kan nínú yín tó mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Ẹ mú àwọn ẹjọ́ ńlá ńlá, kí ẹ sọ fún mi ta ló mú wọn.

8 July 1998, Tour ku ọjọ́ mẹ́ta. Willy Voet tó máa ń wọ́ ẹsẹ̀ fún àwọn eléré tíìmù Festina ń wa mọ́tò tíìmù bọ̀ láti Belgium, ó dọ́gbọ́n gba ọ̀nà kékeré kó má bàa pàdé ẹnikẹ́ni ní bodè Faransé, àfi aṣọ́bodè tó dúró sójú ọ̀nà. Wọ́n ní kó ṣí mọ́tò. EPO, growth hormone, testosterone, ó ju 400 ìgò àti kóró lọ! Richard Virenque tó jẹ́ ìràwọ̀ tíìmù yẹn sunkún níwájú kámẹ́rà pé òun ò mọ nǹkan kan, October 2000 níwájú adájọ́ ló tó jẹ́wọ́.

2006 ńkọ́? Ọlọ́pàá Spain ló já wọ ọ̀dọ̀ Dókítà Eufemiano Fuentes ní Madrid, wọ́n bá àpò ẹ̀jẹ̀ tó ju 200 lọ nínú ẹ̀rọ tútù, orúkọ ìnagijẹ ni wọ́n kọ sára wọn. Ti Ivan Basso, orúkọ ajá ẹ̀ ni wọ́n kọ, Birillo. Ajá o! Tour ku ọ̀la ni wọ́n ní kí òun àti Jan Ullrich máa lọ sílé. 2019, ọlọ́pàá náà ni, níbi ìdíje eré orí yìnyín ní Seefeld ní Austria, wọ́n ká eléré kan mọ́lé tó jókòó ti abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ lápá. Dókítà tó wà nídìí ẹ̀, Mark Schmidt ti ìlú Erfurt ní Jámánì, àwọn agunkẹ̀kẹ́ wà nínú oníbàárà ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́wàá ní 2021.

Armstrong tiẹ̀ fúnra ẹ̀, èèyàn 26 ló jẹ́rìí, 11 nínú wọn ló ti bá a wà ní tíìmù kan náà. Aṣọ́bodè, ọlọ́pàá, ọ̀rẹ́ tó ti dọ̀tá. Ìgò ìtọ̀ dà níbẹ̀?

Eegun_Òkè
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ ẹ ti fi apá kan sílẹ̀ o. Ìgò mú èèyàn. Floyd Landis, 2006, lọ́jọ́ kan òkè pa á lára débi pé gbogbo ayé ti sọ pé ó ti tán fún un, lọ́jọ́ kejì ẹ̀ lójú ọ̀nà Morzine ó dá sá lọ bí ẹni tí ẹ̀mí gbé, ó gba Tour, kò pẹ́ ni ìtọ̀ ọjọ́ Morzine yẹn ní testosterone wà níbẹ̀, ni Óscar Pereiro bá di olúborí látinú ilé. Riccardo Riccò 2008, ó gbà pé oríṣi EPO tuntun tí wọ́n ń pè ní CERA ò ṣeé rí, láàbù ti ń dúró dè é.

Kò wá sí òótọ́ nínú "wọn ò rí nǹkan kan rí" tí wọ́n ń sọ nípa Armstrong yẹn pàápàá! 1999, Tour tó kọ́kọ́ gbà, wọ́n rí kọ́tísóònù, oògùn tí wọ́n fòfin dè, nínú ìtọ̀ ẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n wá ìwé dókítà, wọ́n kọ déètì ẹ̀yìn sí i, pé ìpara egbò ìdí ni, egbò tí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ń dá sí wọn lára. UCI gbà á bẹ́ẹ̀. Emma O'Reilly tó ń wọ́ra fún wọn nígbà yẹn wà ní yàrá tí wọ́n ti ń so ọ̀rọ̀ náà pọ̀, òun ló tú u. Nítorí náà tí ẹ̀gbọ́n ẹ bá tún sọ̀rọ̀, sọ fún un pé ìgò mú un, àwọn tó di ìgò mú ló jẹ́ kó lọ.

Àdìgún_Oníkẹ̀kẹ́
Ìpara egbò ìdí kẹ̀??? 😂😂 Mo ti ka ìyẹn sí i létí. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó ní òun ń bọ̀.

Kò_Sáré_Mọ́
Ẹ̀yin tó ń sọ "ìgò ìtọ̀, ìgò ìtọ̀" yìí, ṣé ẹnì kankan nínú yín ti tọ̀ sí i rí? Wọ́n ti mú mi rí. Kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n gùn o, ipò kẹrìnlá ni mo ṣe lọ́jọ́ náà, eré àwọn tí kò gbowó, orúkọ mi ni wọ́n ṣáà fà yọ. Bí mo ṣe kọjá ìlà báyìí, èmi ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán, ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ àmì ti dé, ó ní wọ́n ti yàn mí, kí n fọwọ́ sí ìwé. Láti ìgbà yẹn kò fi mí sílẹ̀ mọ́. Mo lọ mu omi, ó tẹ̀ lé mi. Mo lọ pààrọ̀ bàtà, ó dúró ti mi lórí.

Ní yàrá yẹn, mo ti fi wákàtí mẹ́rin làágùn nínú oòrùn, ibo ni ìtọ̀ fẹ́ gbà wá? Wọ́n tò omi síwájú mi, gbogbo ẹ̀ dé pinpin, èmi ni kí n fọwọ́ ara mi mú èyí tí mo bá fẹ́ kí n ṣí i. Kọ́ọ̀pù tí màá tọ̀ sí náà, èmi ni mo yàn án. Nígbà tó yá mo ní ó ti ń bọ̀. Ọ̀gá kan bá mi wọlé. Ó ní kí n ká ẹ̀wù dé àyà, kí n bọ́ ṣòkòtò dé orúnkún, kí n ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè dé ìgúnpá. Ó wá dúró níwájú mi, ó ń wo ibẹ̀ gan-an. Kì í ṣe ògiri ló ń wò o. Àgbàlagbà tó ń jẹ́ èmi! Ìtọ̀ tó ti ń bọ̀ padà sẹ́yìn.

Nígbà tó máa jáde, 60ml. 90 ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n dé èyí tó wà nílẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i, mo tún padà sídìí omi fún wákàtí kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo fọwọ́ ara mi da ìtọ̀ mi sínú ìgò A àti ìgò B, mo yí ìdérí ẹ̀, ó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, tó bá ti wọlé tán kò ṣeé yí padà mọ́, àfi kí láàbù fọ́ ọ. Wọ́n bi mí gbogbo oògùn tí mo lò láàárín ọjọ́ méje, mo kọ paracetamol, mo kọ oògùn ikọ́, ẹ̀rù bà mí débi pé mo fẹ́ kọ ata.

Bísí_JẹsìYẹ́lò
Ẹ̀gbọ́n Kò_Sáré, ẹ ti pa mí 😂😂😂 "ìtọ̀ padà sẹ́yìn"! Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọ́n fi ní láti wo ibẹ̀ gan-an? Ìyẹn ti pọ̀ jù o, ṣé ẹnikẹ́ni lè tọ ìtọ̀ ẹlòmíì ni?

Ògbólógbòó_Pẹ́dà
Bísí ọmọ mi, wọ́n ti tọ̀ ọ́ o. Tour 1978, Michel Pollentier ará Belgium borí lókè Alpe d'Huez, ó gba jẹ́sì yẹ́lò, èyí tí ẹni tó ń léwájú nínú Tour máa ń wọ̀, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó dé yàrá àyẹ̀wò, kò mọ̀ pé ẹlòmíì tó ṣáájú òun ti ṣe mágòmágó níbẹ̀, ojú dókítà ti là. Ni dókítà bá ká ẹ̀wù ẹ̀ sókè, ó bá rọ́bà oníkùn kan lábẹ́ abíyá ẹ̀, ìtọ̀ ẹlòmíì ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ti fa páìpù tín-ín-rín látibẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ikùn. Tó bá ti fi apá fún un, ìtọ̀ á tú. Wọ́n lé e kúrò ní Tour, jẹ́sì yẹ́lò tí kò tíì pé ọjọ́ kan lára ẹ̀. Ẹ wá rí ìdí tí wọ́n fi ní kí Kò_Sáré ká ẹ̀wù dé àyà.

Bísí_JẹsìYẹ́lò
Ó yé mi. Wọ́n lè wo ibẹ̀ 🙈

Má_Gba_Wọ́n_Gbọ́
Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ ni pé gbogbo wọn ló ń lò ó nígbà yẹn. Gbogbo wọn! Tí ẹni àkọ́kọ́ bá lò ó, tí ẹni ìkejì lò ó, dé orí ẹni ogún, ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn jù lọ ṣì ni Armstrong, torí ohun kan náà ni wọ́n jọ mu. Ẹ dá jẹ́sì ẹ̀ padà fún un jàre.

Ìyá_Láàbù
Rárá o, kì í ṣe ohun kan náà. Gbé ìlà 50 yẹn wá síwájú. Ẹnì kan wà tí Ọlọ́run dá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sí 48, ẹlòmíì wà ní 41. Tí àwọn méjèèjì bá fi EPO gun 49, ẹni 48 ò jèrè nǹkan kan, ẹni 41 ti di èèyàn mìíràn. Oògùn yẹn tún àwọn kan ṣe ju àwọn kan lọ, ipò tí ẹ̀ ń wò yẹn kì í ṣe ipò tí wọn ì bá wà. A ò tiẹ̀ tíì sọ ti ẹni tó lówó dókítà gidi àti ẹni tó ń gún ara ẹ̀ nínú ṣáláńgá òtẹ́ẹ̀lì.

Eegun_Òkè
Ẹ tún wo ẹni tó kọ̀. Christophe Bassons, ọmọ Faransé, inú Festina yẹn gan-an ló wà, àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ló sọ fún ọlọ́pàá pé òun ò lò ó. Ní Tour 1999 ó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn pé eré yìí ò tíì mọ́. Lọ́jọ́ Alpe d'Huez, Armstrong gun kẹ̀kẹ́ bá a lórí ìrìn, ó ní ohun tó ń sọ yẹn ò dáa fún eré, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lójú ẹ̀, kó máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó bá Bassons sọ̀rọ̀ mọ́ láàárín wọn. Ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ó kó ẹrù ẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi Tour yẹn jà lólè nìyẹn, kì í ṣe ẹni tó ṣe ipò kejì. Má_Gba_Wọ́n_Gbọ́, ṣé ìwọ náà á dá nǹkan padà fún Bassons?

Má_Gba_Wọ́n_Gbọ́
Mi ò mọ ti ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó dáa, mo gbọ́.
Àmọ́ ẹ sọ ti òní. Kí ni wọ́n yí padà?

Ìyá_Láàbù
Ohun tó yí padà jù ni páásípọ́ọ̀tù ẹ̀jẹ̀, UCI gbé e wọlé ní 2008. Kò wá oògùn rárá. Ìwọ fúnra ẹ ló ń wò. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ ẹ léraléra, lọ́dún yìí, lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á máa to nọ́ńbà ẹ síra wọn títí wọ́n á fi mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ tìẹ máa ń wà.

Ibi tó dùn mọ́ mi nínú jù rèé. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú eegun yàtọ̀ sí àgbà sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rọ lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí o bá gún EPO, àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀lì á pọ̀ rẹpẹtẹ. Tí o bá dá àpò ẹ̀jẹ̀ padà sára, eegun á rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀, kò ní ṣe tuntun mọ́, àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀lì á dínkù, àgbà á kún inú ẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lọ sókè tí àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀lì wá sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta eré, nígbà tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ máa fẹ́lẹ́ torí wàhálà, ó ti sọ fún wa ohun tó ṣe lálẹ́ àná láìlanu. Juan José Cobo gba Vuelta, eré ńlá ti Spain, ní 2011, ní 2019 wọ́n fi páásípọ́ọ̀tù yìí gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n gbé e fún Chris Froome. Ọdún mẹ́jọ!

Mi ò sọ pé kò ṣeé yí o. Tó bá jẹ́ ìwọ̀n táṣẹ́rẹ́ ni ẹni náà ń lò, tó ń jẹ́ kí ìlà ẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, ó lè kọjá. Ṣùgbọ́n àǹfààní tó máa rí níbẹ̀ ti kéré sí ti 1996, ìyẹn nìkan dáa lójú mi.

Bísí_JẹsìYẹ́lò
Àánú àwọn náà ń ṣe mí nígbà míì. Mo gbọ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ibi tí wọ́n máa sùn sórí áàpù lójoojúmọ́, kí wọ́n mú wákàtí kan, láàárín aago márùn-ún ìdájí sí aago mọ́kànlá alẹ́, tí òṣìṣẹ́ lè wá kanlẹ̀kùn. Tí wọ́n bá pàdánù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù 12, bíi pé wọ́n lo oògùn ni. Tí ìyàwó bá fẹ́ bímọ ńkọ́? Tí o bá gbàgbé ńkọ́?

Kò_Sáré_Mọ́
Ìgbàgbé ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n á ní kò burú. Ẹ̀ẹ̀mejì, ó yẹ kí o ti ra aago tó ń dún. USADA kọ ọ́ pé kí áàpù yẹn tó dé, ọgbọ́n tó rọrùn jù fún tíìmù Armstrong ni kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn! Wọ́n á pa iná, wọ́n á dákẹ́ sínú ilé, òṣìṣẹ́ á kanlẹ̀kùn títí á fi lọ.

Ògbólógbòó_Pẹ́dà
Michael Rasmussen ńkọ́, 2007? Ó wà nínú jẹ́sì yẹ́lò, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ borí lókè Aubisque lọ́jọ́ yẹn, Tour ti wọ àpò ẹ̀ tán. Ó ti kọ ọ́ fún wọn pé Mexico lòun wà lóṣù June. Davide Cassani tó ti gun kẹ̀kẹ́ rí, tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Italy, kàn ń yìn ín ni o, ó ní ọmọ yìí ń ṣiṣẹ́ gan-an, òun rí i ní òkè Dolomites nínú òjò lóṣù June. Dolomites, Italy! Ìyìn ló tú u fó. Alẹ́ ọjọ́ Aubisque ni tíìmù ẹ̀ yọ ọ́ kúrò.

Eegun_Òkè
Àmọ́ kí n gbè sẹ́yìn Bísí díẹ̀. Òfin ní ohunkóhun tí wọ́n bá bá lára ẹ, ìwọ lo ni ín, bó ti wù kó débẹ̀. Alberto Contador 2010, clenbuterol, oògùn tí wọ́n fòfin dè, tí wọ́n bá nínú ìtọ̀ ẹ̀ jẹ́ 50 picogram nínú milílítà kan. Gíráàmù kan tí ẹ pín sí ọ̀nà tírílíọ̀nù kan, kí ẹ mú 50 nínú ẹ̀. Kò lè fi ìyẹn gun àtẹ̀gùn ilé! Ó ní ẹran lòun jẹ. Ilé ẹjọ́ eré ìdárayá ní 2012 ní ó jọ pé inú oògùn àfikún oúnjẹ ló ti bá a, síbẹ̀ wọ́n gba Tour 2010 àti Giro 2011, eré ńlá ti Italy, lọ́wọ́ ẹ̀. Ní ti Froome, salbutamol tí òfin gba ẹni tó ní ikọ́ fée láyè láti fà símú ni, nanogram 1000 nínú milílítà kan ni òdiwọ̀n, wọ́n bá 2000 lára ẹ̀ ní Vuelta 2017, July 2018 wọ́n ní kó máa lọ, ẹjọ́ ti parí. Èmi ò sọ pé ọ̀kan purọ́ o. Mo ṣáà rí i pé ẹni tó ní lọ́yà tó gbọ́n àti ẹni tí kò ní kì í gba ìdájọ́ kan náà.

Ìyá_Láàbù
Ibẹ̀ ni mi ò ti ní bá ẹ jiyàn. Ṣùgbọ́n picogram yẹn, kì í ṣe pé òun ló gbé e gun òkè, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé ó lè jẹ́ ìyókù tó bá àpò ẹ̀jẹ̀ wọlé. Wọn ò rí i fi hàn, òótọ́ ni.

Má_Gba_Wọ́n_Gbọ́
Tramadol, oògùn ìrora yẹn ńkọ́? Mo rántí pé wọ́n gba ipò Nairo Quintana, agunkẹ̀kẹ́ ará Colombia, lọ́wọ́ ẹ̀.

Eegun_Òkè
Ipò kẹfà, Tour 2022. UCI ti fòfin de tramadol nínú eré láti March 2019, torí ó ń ṣe wọ́n ní òòyì nínú èrò tó ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ẹ̀jẹ̀ ìka díẹ̀ tí wọ́n kán sórí bébà ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n pa èsì ẹ̀ rẹ́ àmọ́ wọn ò fòfin dè é láti gun kẹ̀kẹ́. January 2024 ló tó wọ ìwé WADA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn agbára lágbàáyé, tí gbogbo eré ń tẹ̀ lé. Èyí tó tún ń lọ báyìí ni carbon monoxide, èéfín tó ń pa èèyàn nínú ilé yẹn gan-an! Wọ́n ní àwọn tíìmù fi ń wọn ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rù sì ń ba àwọn èèyàn pé ẹni tó bá ń fà á léraléra, eegun ẹ̀ á máa ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa bí ẹni tó ń gbé orí òkè gíga. February 2025 ni UCI fòfin de fífà á léraléra.

Bísí_JẹsìYẹ́lò
Èèyàn ń fa èéfín mọ́tò símú nítorí kẹ̀kẹ́. Mo ti sọ̀ kalẹ̀ 🙆

Kò_Sáré_Mọ́
Kàkà kí n fa èéfín, ma kúkú fi mọ́tò sínú kẹ̀kẹ́. Ọmọbìnrin kan, Femke Van den Driessche, ṣe é, January 2016, wọ́n bá mọ́tò nínú páìpù kẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi fòfin dè é láti gun kẹ̀kẹ́ ìdíje. Ìyẹn tiẹ̀ ye mi ju ẹ̀jẹ̀ inú àpò lọ.

Àdìgún_Oníkẹ̀kẹ́
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbà. Rárá, kò gbà tán, ó ní Bassons ló dun òun. Ó wá béèrè, ta ni wọ́n wá gbé Tour méje yẹn fún?

Ògbólógbòó_Pẹ́dà
Wọn ò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Láti 1999 dé 2005, ibi orúkọ olúborí ṣófo. Ẹ yẹ àwọn tó ṣe ipò kejì àti ìkẹta lọ́dún wọ̀nyẹn wò, ẹ ẹ́ rí ìdí ẹ̀.

Bísí_JẹsìYẹ́lò
Ẹ̀gbọ́n Kò_Sáré, ẹ ò sọ èyí tó kù fún wa. Èsì àyẹ̀wò tiyín ńkọ́?

Kò_Sáré_Mọ́
Wọn ò kọ nǹkan kan sí mi títí dòní. Wọ́n ní tí o ò bá ti gbọ́, kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n Ìyá Láàbù, ẹ gbà mí o, òfin gbà wọ́n láyè láti tọ́jú ìtọ̀ fún ọdún mẹ́wàá, àbí?

Ìyá_Láàbù
Bẹ́ẹ̀ ni. Ìtọ̀ Armstrong ti 1999, inú ẹ̀rọ tútù ní Faransé ló wà títí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò padà, ìwé ìròyìn L'Équipe gbé e jáde ní August 2005 pé EPO wà nínú mẹ́fà. Kí ló dé, kí lẹ gbàgbé láti kọ?

Kò_Sáré_Mọ́
Oògùn ikọ́ yẹn. Ìyàwó mi ló pò ó, mi ò béèrè ohun tó wà níbẹ̀.